Orúnkún Tí Màámi Fi Kúnlẹ̀ Bí Mi

Àwọn ènìyàn a máa bi mí pé níbo ni èmi àti ọkọ mi ti pàdé, mo sì máa ń dá wọn lóhùn pé ilé ìwòsàn ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kò sí ibi tí ìfẹ́ ò lè bá ènìyàn. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n kì í sọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà, torí ìyókù kò pani lẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó jọ̀wọ́ gbọ́ ọ tán ná.

Bọ́látitó ni orúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Èmi àti Màámi nìkan là ń gbé ilé tí bàbá mi fi sáyé lọ ní Ìlódè. Ọmọ Ìpetumodù ni Màámi, ìkòkò ni wọ́n sì ń mọ láti kékeré. Ẹni tó ń mọ ìkòkò kì í rí àga jókòó lé. Ogójì ọdún ni Màámi fi lóṣòó ti amọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, nígbà tí wọ́n sì pé ọdún méjìdínláàádọ́rin, orúnkún wọn ní òun ò ṣe mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, a ó gbọ́ ohùn orúnkún kí a tó gbọ́ ohùn Màámi.

Pẹ̀lú ìrora náà, wọn ò yé gbàdúrà ọkọ fún mi. Ibi kan náà ni wọ́n sì máa ń fàbọ̀ sí: "Orúnkún tí mo fi kúnlẹ̀ bí ọ yóò gbè ọ́." Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ bí àdúrà yẹn ti wúwo tó. Ẹ fi í sọ́kàn.

A lo àgúnmu, a fi òróró pa á, ẹnìkan tilẹ̀ wá ń gún wọn lábẹ́rẹ́ nílé. Nígbà tó yá, mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà gidi, wọ́n ya àwòrán orúnkún náà. Dókítà fi hàn mí pé ohun rírọ̀ tí Ọlọ́run fi sáàárín eegun méjèèjì kí wọ́n má baà máa ha ara wọn ti jẹ lọ.

"Kò sí oògùn tó lè dá a padà," ló wí. "Ṣùgbọ́n bí iṣan itan wọn bá le, iṣan náà ni yóò máa gbé wọn, orúnkún á sì sinmi. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn físíò."

Àwọn físíò ni àwọn tó ń fi eré ìdárayá wo àìsàn eegun àti iṣan. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìdrís Adéagbo, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ju mí lọ́dún mẹ́ta. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀ síwájú Màámi, ó gbé ẹsẹ̀ wọn lé itan ara rẹ̀.

"Màmá, ẹ sọ ibi tó ti ń dùn yín fún mi. Ẹ má pa á mọ́ra o. Èmi kì í ṣe àlejò."

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gbé báàgì Màámi dání, mo rí i bí ó ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ bo orúnkún wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni bo iná fìtílà kí atẹ́gùn má pa á. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mo ti wọ gàù.

Ó ká aṣọ ìnura róbótó, ó tì í sábẹ́ orúnkún Màámi lórí ibùsùn, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí òun yóò fi ka ẹ̀wá. Màámi ní àwọn ni àwọn máa kà á. Wọ́n kà á: "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, ẹ̀wá!"

"Háà! Màmá, ẹ̀wá tiyín yára o. Ẹ ti jẹ mẹ́ta mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo ń ru ẹsẹ̀ ọ̀hún ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Màámi jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, Ìdrís fún mi ní ìwé kan. Òun fúnra rẹ̀ ló yàwòrán sí i, ọkùnrin apárí kékeré kan tó ń ṣe eré márùn-ún. Nínú èkíní, ó ń tẹ orúnkún mọ́lẹ̀. Nínú ìkarùn-ún, ó ń dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í.

"Iṣẹ́ àṣetiléwá nìyí, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́," ló wí. "Òun gan-an ni ìwòsàn. Èyí tí à ń ṣe níbí, àfihàn lásán ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tí Màmá bá ti lè dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìfọwọ́ kan nǹkan, a ti parí nìyẹn. Ẹ ò ní rí wa mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ nígbà àkọ́kọ́. Mo gbàgbé ìwé náà sínú tábìlì mi ní kíláàsì. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Màámi lè dìde, ọwọ́ sì ni wọ́n fi ti àga. Ìdrís sún mọ́ mi níbi tí mo dúró sí, Màámi wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọ́n fi aṣọ gbígbóná lé orúnkún.

"Iṣẹ́ àṣetiléwá ńkọ́? Ṣé ẹ ń ṣe é?"

Èmi tí mo ń ní kí ọmọ ọlọ́mọ dúró sí kọ̀rọ̀ kíláàsì torí iṣẹ́ àṣetiléwá, ṣé kí n wá sọ pé mi ò ṣe tèmi? Ojú tì mí.

"À ń ṣe é," ni mo wí. "Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́."

Ó gbé bírò, ó fi ọ̀sẹ̀ méjì kún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí dáadáa: inú mi dùn pé orúnkún ìyá mi kò sàn.

Láti ọjọ́ náà lọ, kì í ṣe ìgbàgbé mọ́. Mo mú ìwé náà kúrò nínú tábìlì, mo fi í sáàárín ìwé tí mo fi ń kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mi, n kò fi han ẹnikẹ́ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màámi bi mí léèrè lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ́lá, ṣé kò sí nǹkan tí dókítà yẹn ní kí n máa ṣe nílé ni? Ara mi ti ń dùn mí jù láti jókòó."

"Wọ́n ní kí ẹ sinmi, Màámi."

"Kí n sinmi? Èmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí."

Màámi tí kò sinmi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé sinmi. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ ọmọ wọn gbọ́, wọ́n jókòó. Itan wọn sì ń rọ lójoojúmọ́.

Ọkùnrin àgbà kan wà tí òun náà máa ń wá sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ tiwa, Bàbá Awóyẹmí, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì. Orí kẹ̀kẹ́ ìdárayá tí kì í lọ síbì kankan ni wọ́n máa ń wà, wọ́n á máa wa kẹ̀kẹ́, wọ́n á máa wo ojú ayé.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí fún mi lọ́sẹ̀ kẹrin, "dókítà ìyá rẹ yìí ò níyàwó o. Mo ti bi í."

"Bàbá, kí ló kàn mí níbẹ̀?"

"Ó kàn ọ́. Bí ìyá rẹ bá wọlé, orúnkún rẹ̀ ni dókítà ń wò. Ìwọ ńkọ́, kí lo máa ń wò?"

Mo sá jáde. Ṣùgbọ́n alárinà tó gbọ́n kì í dúró gba èsì. Bàbá Awóyẹmí ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí Ìdrís létí kí n tó débẹ̀, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, èmi àti Ìdrís ti ń rìn pọ̀ lọ́sàn-án Sátidé lábẹ́ àwọn igi ọ̀nà Yunifásítì, ó ń ra ẹ̀pà fún mi, mò ń bó o fún un. Àwọn Sátidé yẹn dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ kí nǹkan dùn mọ́ olè lọ. Lọ́sẹ̀ keje, kò gba ẹ̀pà tí mo bó fún un.

"Ọ̀rọ̀ Màmá ń jẹ mí lọ́kàn," ló wí. "Ọ̀gá mi bi mí lánàá pé kí ló dé tí aláìsàn tí mò ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí ń lọ sẹ́yìn. Gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe ni mo ṣe, Bọ́lá. Bóyá mi ò mọ iṣẹ́ yìí tó bí mo ṣe rò."

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo ní kí n jẹ́wọ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo rò ó pé ojú yìí kò ní wò mí báyìí mọ́, mo bá gbé e mì.

"O mọ̀ ọ́n," ni mo wí. "Ara àgbà ló máa ń lọ́ra."

Lọ́sẹ̀ kẹjọ ni wọ́n ránṣẹ́ sí Màámi láti Ìpetumodù pé ara Ìyá Ẹniolúwa, ẹ̀gbọ́n wọn kan ṣoṣo, kò yá, wọ́n sì ń bèèrè Màámi. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ ìkòkò lẹ́sẹ̀ ìyá wọn. Ilé òkè ni Ìyá Ẹniolúwa ń gbé, àtẹ̀gùn rẹ̀ ga.

Mo ní kí a lọ, kí a wá ẹni gbé wọn gòkè. Màámi kọ̀. "Dókítà ní kí n sinmi. N kò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rí mi lórí ọwọ́ ọlọ́wọ́, kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún mi. Jẹ́ kí orúnkún yìí sàn díẹ̀ sí i. A ó lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo lè sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà. N kò sọ ọ́. Ọjọ́bọ̀ ni Ìyá Ẹniolúwa kú.

Ọkùnrin méjì ló gbé Màámi gun àtẹ̀gùn náà lórí àga, láti lọ wo òkú. Mo tẹ̀lé wọn, mo sì ń ka àtẹ̀gùn náà. Mẹ́rìnlá ni. Bí mo bá ti ṣe ohun tí wọ́n rán mi, ẹsẹ̀ wọn ni wọn ì bá fi gùn ún láti ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Ẹ ó rò pé ìyẹn la ẹnu mi. Kò là á. Ẹ̀rù tún wá bà mí sí i, torí ẹ̀ṣẹ̀ náà ti wúwo ju ohun tí ènìyàn lè kàn dá sọ lọ. Ìdrís wá kí Màámi kú àṣẹ̀yìndè, lẹ́yìn oṣù kan, òun àti Bàbá Awóyẹmí tún padà wá, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wá. Ìdrís dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pálọ̀ wa.

Bàbá Awóyẹmí to ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, Màámi mi orí pé rárá.

"Tí ó bá jẹ́ torí ẹ̀sìn ni, Ìyá," ni Bàbá Awóyẹmí wí, "ọmọdékùnrin yìí ní òun ò ní dí Bọ́lá lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ta ló ń sọ ti ẹ̀sìn? Mùsùlùmí ni bàbá tó bí èmi lọ́mọ." Màámi fi ọ̀pá wọn nàka sí Ìdrís nílẹ̀. "Ọwọ́ rẹ̀ ni n kò fẹ́. Oṣù mẹ́ta ló fi ń gbé ẹsẹ̀ mi sókè sódò, kò sí ohun tó ṣe. Mo ń rìn nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ o! Ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí, n kò lè jẹ́ ẹ. Gbogbo ìyá ìjọ wa ni mo ti sọ fún pé kí wọ́n má gbé orúnkún wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ tí ò ṣe iyán tí ò ṣe ọbẹ̀ yẹn ni kí n wá fi ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní lé?"

Mo rò pé Ìdrís yóò gbèjà ara rẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Kò tilẹ̀ gbé orí sókè.

"Màmá, ẹ má bínú," ló wí. "Ẹ̀bi mi ni. Ó yẹ kí n ti rí ohun tí mi ò rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí torí ti ẹ̀gbọ́n yín."

Ọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀, ó ń tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi ṣẹ̀. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo wọ yàrá lọ, mo mú ìwé náà jáde, mo tẹ́ ẹ sórí itan Màámi, mo sì kúnlẹ̀.

"Kí nìyí?" ni wọ́n bi mí. Màámi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n àwòrán ò nílò ìwé kíkà. Wọ́n wo ọkùnrin apárí kékeré náà, wọ́n wo aṣọ ìnura tó wà lábẹ́ orúnkún rẹ̀.

"Ohun tí ó ní kí ẹ máa ṣe nílé nìyẹn, Màámi. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò sọ pé kí ẹ sinmi rí. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ máa rí i. Bí orúnkún yín bá sàn, a ò ní lọ mọ́."

Bàbá Awóyẹmí ṣí fìlà wọn. Ìdrís dìde nílẹ̀, ó mú ìwé náà, ó wò ó bí ẹni tí kò mọ ẹni tó yà á. Ó dá a padà sórí itan Màámi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ló wí, ó sì jáde. Kò wò mí. Bàbá Awóyẹmí tẹ̀lé e.

Èmi àti Màámi nìkan ló kù. Mo ń retí ìgbájú. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n gbá mi lójú.

"Orúnkún tí mo fi kúnlẹ̀ bí ọ," ni wọ́n wí, ohùn wọn ò sì ga. "Òun lo fi wá ọkọ."

"Màámi, ẹ ṣàánú mi."

"N kò ní ṣépè fún ọ. Èpè ìyá kì í tètè kúrò lára ọmọ. Ṣùgbọ́n àdúrà tí mo máa ń gbà fún ọ, má retí rẹ̀ lẹ́nu mi mọ́, títí n ó fi rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa rí nínú mi." Wọ́n nawọ́ ìwé náà sí mi. "Èwo ni ó ní kí n kọ́kọ́ ṣe?"

Mo fi omijé ká aṣọ ìnura. A bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Oṣù márùn-ún la fi ṣe é, kí n tó lọ sí ilé-ìwé, àti bí mo bá dé. Màámi ò bá mi sọ ju ohun tí kò ṣeé má sọ lọ. Oúnjẹ, omi, ó dàárọ̀. Ìyókù, ònkà ni. Wọn ò sì fo ẹyọ kan mọ́. Ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá, ojú wọn á wà lára mi. Nígbà míràn mo máa ń fẹ́ kí wọ́n fo ọ̀kan, kí wọ́n rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìdrís ò gbé ìpè mi. Ní ilé ìwòsàn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Fàrídà ló ń tọ́jú Màámi, ó ní Dókítà Adéagbo ló bẹ òun.

Orúnkún náà ò di ti ọmọdé. Nígbà òtútù ó ṣì máa ń ta wọ́n. Ṣùgbọ́n itan wọn le, wọ́n gbé ọ̀pá tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n lọ sí Ìpetumodù, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn gun àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá yẹn lọ sí yàrá tí ẹnikẹ́ni ò sí mọ́. Èmi dúró nísàlẹ̀. Wọn ò ní kí n bá àwọn gòkè.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Màámi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n kó ìyá ìjọ mẹ́ta àti èmi lẹ́yìn. Wọ́n ní kí wọ́n pe Dókítà Adéagbo àti ọ̀gá rẹ̀ jáde, wọ́n fa àga kan sáàárín àwọn aláìsàn tó jókòó, wọ́n ká apá wọn sáyà, wọ́n dìde, wọ́n jókòó, títí ó fi pé ẹ̀wá.

"Èmi ni mo ba ọmọkùnrin yìí lórúkọ jẹ́," ni wọ́n wí, èémí wọn ń sáré. "Irọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ilé mi ni àrùn wà."

Ilé wọn, èmi ni. Mo wo ilẹ̀.

Ìdrís bá mi níta lábẹ́ igi.

"Ṣé o ṣì máa purọ́ fún mi?" ló bi mí.

"Mo rò tẹ́lẹ̀ pé mi ò lè purọ́ fún Màámi," ni mo wí. "Torí náà n kò lè búra fún ọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti rí ohun tí irọ́ máa ń ná ni."

"Inú ṣì ń bí mi sí ọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo ń ṣàárò rẹ. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń gbé inú ènìyàn kan pọ̀, mi ò mọ̀."

Nígbà tó di ọjọ́ ìdána wa, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ilé kún. Èmi àti Ìdrís wọlé, ó tó àsìkò kí n kúnlẹ̀ gba àdúrà lọ́dọ̀ ìyá mi. Wọ́n gbé àga méjì kalẹ̀. Màámi jókòó sórí ọ̀kan. Èkejì ṣófo, wọ́n sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e. Àga Ìyá Ẹniolúwa ni.

Mo kúnlẹ̀. Ọdún kan ti kọjá tí n kò gbọ́ àdúrà náà. Màámi ká apá wọn sáyà, wọ́n dìde láìfọwọ́ ti àga, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Gbogbo ilé ń retí.

"Ení," ni Màámi wí.

Àwọn ènìyàn wo ara wọn.

"Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin."

Obìnrin tó ń darí ètò rò pé àdúrà ti sọnù lọ́wọ́ ìyá ìyàwó, ó fẹ́ gbé orin. Bàbá Awóyẹmí dì í lọ́wọ́ mú. Ìdrís dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Àrún. Ẹ̀fà. Èje. Ẹ̀jọ. Ẹ̀sán."

Màámi dúró. Orúnkún mi ń dùn mí lórí símẹ́ǹtì. Mo gbé ojú sókè díẹ̀, mo rí i pé àga tó ṣófo ni wọ́n ń wò. N kò mọ bí ó ti pẹ́ tó. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí wọn ò bá ka èyí tó kù, mi ò ní ohun tí mo lè sọ, n ó dìde lọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀wá," ni wọ́n wí. "Bọ́látitó. Orúnkún tí mo fi kúnlẹ̀ bí ọ yóò gbè ọ́."

Gbogbo ilé ṣe àmín.

"Dìde," ni Màámi wí sí mi létí. "Má fọwọ́ tilẹ̀."